Orúkọ Íńdíà Lára Àníní: Ohun Tí Owó àti Tẹ́ńpìlì Híńdù Lè Kọ́ Wa Nípa Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Tí ẹ bá rí àníní àtijọ́, owó kékeré tó ní ihò láàárín tí àwọn ìyá wa àgbà ń ná lọ́jà nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà tó yí ihò náà ká. Ẹ óo rí orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n rọ ọ́. Lára èyí tí wọ́n rọ títí di ọdún 1947, ẹ óo tún rí ọ̀rọ̀ Látìn méjì tí wọ́n gé kúrú báyìí: IND IMP. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba náà ni olú-ọba Íńdíà. Lára èyí tí wọ́n rọ láti 1949, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Íńdíà ti gba òmìnira ní oṣù Kẹjọ ọdún 1947, ọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè máa pe ara rẹ̀ ní olú-ọba ibẹ̀ mọ́.

Ẹ rò ó wò. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde mú orúkọ Íńdíà dání lójoojúmọ́ láìmọ̀. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun kan láti apá òkun Íńdíà dé ọwọ́ ará Ìjẹ̀bú. Owó ẹyọ ti ṣáájú àníní dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí owó ṣe ń rìnrìn àjò, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó bá pàdé ẹ̀sìn. A ó wo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a ó sì wo àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Èrò mi ni pé owó tí ọjà bá ti kọ̀, ojúbọ sábà máa ń gbà á, ibẹ̀ sì ni onímọ̀ ìtàn ti lè rí i kà.

Ẹ̀gbà idẹ àti iye orí èèyàn

Lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí òyìnbó kọ tí orúkọ Ìjẹ̀bú ti jáde ni ti Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Potogí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16. Ó pe ibẹ̀ ní ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká, ọ̀rọ̀ tó máa ń mú ọkàn wa lọ sí Erédò Sùngbọ́. Ó sọ̀rọ̀ ọjà ibẹ̀ pẹ̀lú: ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń tà, ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 sì ni wọ́n ń fi ra ẹrú kan. Ẹ̀gbà idẹ yìí ni wọ́n ń pè ní mànílà, owó ni láàárín àwọn oníṣòwò etíkun.

Nítorí náà, nígbà tí owó Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ wọ ìwé, iye orí èèyàn ló bá wọ̀ ọ́. Kò yẹ kí a fo gbólóhùn yìí kọjá nítorí pé a fẹ́ràn ibi tó ti ń yin yàrà wa.

Níbo ni mànílà wọ̀nyẹn lọ? Ọ̀pọ̀ ni wọ́n yọ́, wọ́n sì fi rọ ohun mìíràn. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé idẹ tí wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ ère Bìní bá idẹ mànílà tí wọ́n ṣe ní agbègbè odò Rhine ní Jámánì mu. Owó tí wọ́n kó wá fún òwò ẹrú di orí ọba àti ohun ìrúbọ ní ààfin. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe lórí ẹdan Òṣùgbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú náà, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lè jọ dáwọ́ lé.

Owó ẹyọ, àlejò tó di onílé

Bí a bá rí owó ẹyọ lónìí, ohun ìbílẹ̀ wa ló máa ń dà bí. Àmọ́ òkun tiwa kọ́ ló ti wá. Erékùṣù Maldives, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ni orísun rẹ̀ tó lókìkí jù. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, gbé Maldives ní nǹkan bí 1343 sí 1344, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń kó ẹyọ fún àwọn ará Bẹ̀ngálì láti fi gba ìrẹsì. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó dé ilẹ̀ ọba Mali, ó sì bá ẹyọ kan náà lọ́wọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń ná an. Ẹni kan ṣoṣo ló fi ojú ara rẹ̀ rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà àti òpin rẹ̀.

Láti ọ̀rúndún 16, ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ará Holland àti Gẹ̀ẹ́sì máa ń ra ẹyọ ní Íńdíà àti Sri Lanka, wọ́n á dà á sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ lè wúwo, kí ó má baà dojú dé. Tí wọ́n bá dé Amsterdam tàbí London, wọ́n á tà á fún àwọn oníṣòwò ẹrú tó ń bọ̀ ní Wídà àti etíkun wa. Ẹyọ Maldives kì í ṣe òfìfo owó. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ra àwọn èèyàn wa.

Bí wọ́n ṣe ń ka owó yìí ṣì wà nínú èdè wa. Ogójì ni wọ́n ń sín pọ̀ lórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000, tí í ṣe àpò kan, ìwúwo rẹ̀ sì lé ní kìlógíráàmù 20. Nígbà tí a bá ń sọ lónìí pé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn wá síbi ayẹyẹ, àpò owó ẹyọ tí a kò mọ iye rẹ̀ ni à ń dá. Ní ọdún 1887, òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ètò òǹkà Yorùbá, ó sì ṣàlàyé bí kíka ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún ṣe bá òǹkà náà tan.

Ní àárín ọ̀rúndún 19, àwọn ilé-iṣẹ́ òwò ará Jámánì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn tó tóbi jù láti agbègbè Zanzibar. Wọ́n kó o wá lọ́pọ̀ yanturu, owó ẹyọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, nǹkan bí sísì kan, ìyẹn pẹ́nì mẹ́fà, ni ẹgbàá kan ń gbà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún tọ́jú ẹyọ rí i pé ìdí àpò òun ti lu.

Ọdún 1892: owó ibodè di pọ́n-ùn

Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè, ọjà bí Ẹ̀jìnrìn sì jẹ́ ibi tí ẹrù òkun àti ẹrù oko ti ń pàdé. Ìjẹ̀bú ń gba owó ibodè, kì í sì í jẹ́ kí àjèjì kọjá bó ṣe wù ú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Nínú àdéhùn oṣù Kìíní ọdún 1892, wọ́n ní àwọn yóò máa san £500 lọ́dọọdún láti fi dípò owó ibodè tí Ìjẹ̀bú yóò pàdánù. Àdéhùn náà kò dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n jà ní Ìmàgbọn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ayé Awùjalẹ̀ Àbókí Túnwàṣe.

Nínú ẹ̀kọ́ wa, a máa ń ka ogun yìí sí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá pinnu irú owó tí wọ́n máa fi san owó ibodè ti gba ibodè náà tán. Lẹ́yìn ìgbà náà, owó onírin Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń gbà fún owó orí àti owó òde, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé. Ìjọba kò bá àwọn tó ní ẹyọ nílé ṣe pàṣípààrọ̀. Ní 1948 sí 1949, wọ́n ra mànílà padà lọ́wọ́ àwọn ará ìlà oòrùn Nàìjíríà. Ẹyọ kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Ó kàn kú sọ́wọ́ ẹni tó ní in ni.

Àmọ́ kò kú ní ojúbọ. Ó wà nínú ẹ̀ẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń dá owó. Ó wà lára ẹ̀wù ère ìbejì. Ó wà níwájú Ajé. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà sọ dída rẹ̀ ní dílógún, orúkọ tí wọ́n gé kúrò lára ẹ̀ẹ́rìndínlógún, wọ́n sì ń dá a níbẹ̀ títí di òní. Ẹyọ tó kúrò ní Maldives ti gba Ìjẹ̀bú kọjá dé Àmẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí owó ní apá kan, gẹ́gẹ́ bí ohùn òrìṣà ní apá kejì.

Owó níwájú òrìṣà ní Íńdíà

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹyọ ti wá. Ní Sylhet, tó wà ní Bangladesh lónìí, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń san owó orí títí dé ìgbà ìjọba ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí owó onírin gba ọjà, ẹyọ kó lọ síwájú Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ àwọn Híńdù. Títí di òní, wọ́n ń fi ẹyọ sí ibi ìbọ rẹ̀ nígbà ọdún Dìwálì. Ẹni tó bá mọ Ajé kò nílò kí a ṣàlàyé Lakshmi fún un pẹ́.

Owó onírin àti òrìṣà Híńdù ti bá ara wọn rìn pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú ìbí Jésù, ọba kan tó ń jẹ́ Agathocles, ọmọ ìran Gíríìkì tó ń ṣàkóso ní agbègbè Afghanistan òde òní, rọ owó fàdákà tó ní àwòrán Krishna àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Balarama. Ní 1970, wọ́n wú díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde ní Ai Khanoum. Ó wà lára àwọn àwòrán àwọn òrìṣà méjèèjì tó pẹ́ jù tí ọwọ́ tẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọba àjèjì ló rọ ọ́. Àlejò tó fẹ́ kí onílé gba owó òun gbé òrìṣà onílé sórí rẹ̀.

Lónìí, bí Dìwálì bá ku ọjọ́ méjì, ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù máa ń ra owó wúrà tàbí fàdákà tí wọ́n tẹ àwòrán Lakshmi sí. Wọn kì í ná an. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fúnni lẹ́bùn níbi ìgbéyàwó, wọ́n á fún un ní rúpìì 101 tàbí 501, kì í ṣe 100 tàbí 500 géérégé. Ẹyọ kan tó lé yẹn ni wọ́n kà sí ìbùkún.

Tẹ́ńpìlì lórí ilẹ̀ àjèjì

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1845, ọkọ̀ Fatel Razack gúnlẹ̀ sí Trinidad pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà tó lé ní 200 tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn iṣẹ́ oko ìrèké. Nígbà tí ètò náà fi dópin ní 1917, àwọn tó ti dé ibẹ̀ lé ní 140,000. Wọn kò fọkàn tán báńkì. Bí wọ́n bá gba owó fàdákà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé e fún alágbẹ̀dẹ fàdákà kan nínú wọn, a sì yọ́ ọ, a fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó. Ìyàwó ni báńkì. Mànílà lọ láti ẹ̀gbà dé ohun ìrúbọ. Fàdákà Trinidad lọ láti owó dé ẹ̀gbà.

Ní Waterloo, ní Trinidad yìí kan náà, òṣìṣẹ́ oko ìrèké kan tó ń jẹ́ Siewdass Sadhu kọ́ tẹ́ńpìlì sí etí òkun ní 1947. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà ló ni ilẹ̀ náà. Wọ́n wó tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní 1952, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọjọ́ 14. Nígbà tó jáde, ó ní bí ilẹ̀ bá ní olówó, òkun kò ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ń dà á sínú omi, ó sì fi nǹkan bí ọdún 25 kọ́ tẹ́ńpìlì sórí òkun. Ó ṣì ń fa àwọn olùjọsìn mọ́ra títí di òní. Ní erékùṣù yẹn bákan náà, àwọn ọmọ Yorùbá ní ojúbọ òrìṣà, nínú àwọn kan lára àgbàlá wọ̀nyí sì ni òrìṣà Híńdù ti ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògún àti Ṣàngó.

Ọdún 1947 yẹn ṣe kókó fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà àti Pakistan, ọ̀pọ̀ Híńdù ará Sindh pàdánù ilé wọn, àwọn kan sì wá bá àwọn èèyàn wọn tó ti ń ṣòwò aṣọ ní Èkó àti Accra. Chellaram, fún àpẹẹrẹ, ti wà l'Ékòó láti 1923. Wọ́n kó òrìṣà wọn wá pẹ̀lú. Nígbà tó di 1975, Swami Krishnananda láti Íńdíà fi ọmọ Ghana kan joyè Swami Ghanananda Saraswati, ẹni tó dá Hindu Monastery of Africa sílẹ̀ ní Odorkor, Accra. Ibẹ̀ kì í ṣe tẹ́ńpìlì àlejò mọ́. Ọmọ Ghana ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Ní London, tẹ́ńpìlì Neasden tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995 wà lára èyí tó lókìkí jù ní Yúróòpù. Àwọn ọmọdé pàápàá ṣa agolo alumíníọ̀mù tà láti fi dá owó rẹ̀.

Tí a bá kó gbogbo èyí jọ, a ó rí i pé irú owó méjì ló máa ń wà nínú tẹ́ńpìlì aṣíkiri. Èkíní ni owó ilẹ̀ tí wọ́n wà, bí pọ́n-ùn, sẹ́dì tàbí náírà, tí wọ́n ń sọ sínú àpótí láti fi tún òrùlé ṣe. Ìkejì ni owó ilé, tí ọjà ibẹ̀ kò gbà, tí wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà. Èkíní sọ ibi tí àwọn èèyàn náà ń gbé. Ìkejì sọ ibi tí wọ́n ti wá. Onímọ̀ ìtàn nílò méjèèjì.

Bí a ṣe lè ka owó onírin wa

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àníní. Wọ́n kọ́kọ́ fi alumíníọ̀mù rọ ọ́ ní 1907. Ojú ọjọ́ wa bà á jẹ́, wọ́n sì fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀ ní 1908. Àníní mẹ́wàá ló ń jẹ́ pẹ́nì kan, tí Yorùbá ń pè ní kọ́bọ̀. Bí ẹgbàá bá jẹ́ sísì kan, nǹkan bí ẹyọ 33 ni àníní kan. Ìdí tí wọ́n fi rọ ọ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: pẹ́nì tóbi jù fún ẹni tó fẹ́ ra ata rodo díẹ̀, iṣẹ́ ẹyọ sì gbọ́dọ̀ rí ẹni ṣe é.

Ní 1912, wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London. Nígbà tó di 1920, fàdákà ti wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ṣílè. Ìlú tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti mọṣẹ́ láti ayébáyé kò ní ṣaláì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ìtàn bíi Toyin Falola àti Ayodeji Olukoju ti kọ̀wé lórí ayédèrú owó ìgbà náà, orúkọ Ìjẹ̀bú sì wà níbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ. Kò yẹ kí ojú tì wá láti kà á. Ìjọba tó fi idẹ dípò fàdákà, tó ní kí a ṣì kà á sí iye kan náà, ló kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gbapò. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ni wọ́n sọ pé ó fún náírà ní orúkọ. Kọ́bọ̀ ní tirẹ̀ ti wà lẹ́nu wa ṣáájú, láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbà.

Tí owó àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ka orúkọ ọba: owó oníhò 1936 kan wà tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tí kò lo ọdún kan lórí oyè. Ẹ wò ó bóyá IND IMP wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tó ti wá àti ọwọ́ ẹni tó ti wà.

Ìkẹrin yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí àníní 1936 bá wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ ojúbọ kan, a mọ̀ pé wọn kò fi ìpìlẹ̀ náà lélẹ̀ ṣáájú 1936. Àmọ́ a kò lè sọ pé 1936 gan-an ni wọ́n kọ́ ọ, nítorí owó lè ti wà nínú àpò ẹnì kan fún ogójì ọdún kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹyọ tó wà lára ère kò sọ ọjọ́ orí ère náà fún wa. Ẹni tó bá fi ẹyọ nìkan jẹ́rìí pé ojúbọ ìdílé òun ti pé 500 ọdún ti sọ ju ohun tí ẹyọ lè gbè lọ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Àwọn tó ń kiri ra irin àlòkù kì í béèrè ọdún. Àníní, tọ́rọ́, sísì àti kọ́bọ̀ àtijọ́ ń bá kòkò alumíníọ̀mù tó ti lu lọ sínú iná. Èyí tó bá yọ́ kì í padà sọ̀rọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí a lè ṣe kò nílò owó ìrànwọ́. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín, kí ẹ ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ṣì ní owó ayé àtijọ́?" Ẹ ya ojú rẹ̀ méjèèjì ní fọ́tò. Ẹ má fi yanrìn tàbí ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí fífọ̀ máa ń pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ orúkọ ọjà tí wọ́n ti ná an àti ohun tí wọ́n fi rà sílẹ̀. Èyí tó bá wà ní ojúbọ, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àyè lọ́wọ́ àwòrò, ẹ má sì gbé e kúrò. Níbi tó wà yẹn gan-an ni ìtàn rẹ̀ wà.

Kí a tó pàdé ní kíláàsì, ẹ ronú lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí. Kí ló fà á tí ìjọba fi ra mànílà padà, tí wọn kò sì ra ẹyọ? Kí ni tẹ́ńpìlì Waterloo fi jọ ojúbọ àwọn Yorùbá ní Trinidad, kí ló sì fi yàtọ̀? Tí ẹnì kan bá wú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní 200 ọdún sí i, owó wo nínú tiwa ni yóò bá níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú fóònù ni púpọ̀ nínú owó wa wà báyìí?